LibraryThing: ibi tí mo kó orúkọ gbogbo ìwé mi sí

Ẹni tí gbogbo ìwé rẹ̀ wà lórí pẹpẹ kan ṣoṣo, tó lè dìde lóru láì tan iná kó sì fa èyí tó fẹ́ yọ, kò nílò LibraryThing. Àwa tí ìwé ti kún yàrá wa, tó ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ti gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, àwa tó dá lójú pé a ní ìwé kan ṣùgbọ́n tí a kò mọ ibi tó wà, àwa ni mo ń kọ èyí fún. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lo ìkànnì náà. Mo fẹ́ sọ ojú abẹ níkòó nípa rẹ̀: ohun tó dáa níbẹ̀, ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, àti ohun tó ṣe sí bí mo ṣe ń kàwé, bí mo ṣe ń yá ìwé, àti bí mo ṣe ń kọ ìtàn tèmi.

Tim Spalding ló dá LibraryThing sílẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2005 ló ṣí i fún aráyé, ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Maine lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sì ni ibùjókòó wọn. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. O máa kọ orúkọ ìwé tí o ní síbẹ̀, yóò sì bá ọ tò wọ́n bí ilé-ìkàwé ńlá ṣe ń to tirẹ̀, kí o lè wá wọn, kí o lè pín wọn sí ìsọ̀rí, kí o sì lè mọ ẹlòmíràn tó ní irú wọn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìwé 200 péré lèèyàn lè kọ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò sanwó. Láti oṣù kẹta ọdún 2020 ni wọ́n ti mú ìdíwọ̀n yẹn kúrò. Ìwé 50 ni o ní o, 5,000 ni o, wọn ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni ibi tó ti ń rí àlàyé nípa ìwé. Àlàyé tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tàwé wá kì í sábà ju àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé àti àwòrán èèpo ìwé lọ. LibraryThing ń lo irú èyí, ṣùgbọ́n ó tún so mọ́ àkójọ àwọn ilé-ìkàwé káàkiri ayé, títí kan Library of Congress ti Amẹ́ríkà. Bí o bá yan ilé-ìkàwé kan pé ibẹ̀ ni kó ti bá ọ wá ìwé, orúkọ ẹni tó túmọ̀ ìwé náà lè bá a wá, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, iye ojú-ìwé, kókó tí ìwé náà dá lé, àti nọ́ńbà Dewey, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn ilé-ìkàwé ti ń fi pín ìwé sí ìsọ̀rí láti ọdún 1876. Èmi máa ń ka ìwé kan náà lọ́wọ́ olùtumọ̀ méjì láti mọ ibi tí wọ́n ti yapa. Ọ̀rọ̀ orúkọ olùtumọ̀ yìí nìkan ti tó láti mú kí n fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Fífi ìwé tuntun síbẹ̀ kì í gba àkókò. Áàpù wọn ń fi kámẹ́rà fóònù ka bákóòdù, ìyẹn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, kí o sì tó mọ̀, odidi pẹpẹ kan ti wọlé. Àwọn tó bá ń lo kọ̀ǹpútà lè fi CueCat ṣe é, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ṣe ní àwòrán ológbò. Ọdún 2000 ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pín in lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri kí àwọn èèyàn lè máa fi ka àmì inú ìwé ìròyìn àti ìpolówó. Aráyé kò gbà á, ọjà náà sì kú. LibraryThing rí i pé ó wúlò fún ìwé, wọ́n wá ń tà á fún àwọn òǹkàwé. Inú mi máa ń dùn sí nǹkan tí ayé ti jù nù tó wá rí iṣẹ́ gidi ṣe.

Ìwé àtijọ́ ló ń gba sùúrù. Nọ́ńbà ISBN tí bákóòdù ń gbé, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìtẹ̀jáde ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, kò tíì pẹ́ láyé. Ọdún 1970 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún gbogbo àgbáyé. Nọ́ńbà mẹ́wàá ló ní títí di ìparí ọdún 2006, ó sì di mẹ́tàlá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007. Ìwé tó bá dàgbà ju ètò yìí lọ kò ní nọ́ńbà kankan lára, irú wọn sì pọ̀ lọ́wọ́ mi nítorí ìwé àlòkù ni mo ń rà jù.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan. Ìwé ewì kékeré ni, aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bo páálí rẹ̀, igun rẹ̀ ti jẹ. Mo ṣí i sí ojú-ìwé àkọlé, mo yí ojú-ìwé yẹn padà, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọdún àti ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé sí. Mo fi àkọlé àti orúkọ òǹkọ̀wé wá a, oríṣiríṣi ìtẹ̀jáde ló jáde, ọdún wọn ò dọ́gba, ẹni tó tẹ̀ wọ́n kò sì jọ ara wọn. Iye ojú-ìwé ni mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan títí mo fi rí èyí tó bá tèmi mu. Lẹ́yìn náà ni mo mú rúlà, mo wọn gíga rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti bó ṣe nípọn tó, nítorí àyè wà fún gbogbo ìyẹn níbẹ̀, títí kan bí ìwé ṣe wúwo tó. Ẹnì kan ti fi yíǹkì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn èèpo iwájú, ó fi ìwé náà ta ẹni tó fẹ́ràn lọ́rẹ. Láàárín ìwé, òdòdó gbígbẹ kan wà níbẹ̀ tó ti fi ara rẹ̀ tẹ àwòrán pupa rúsúrúsú sí ojú-ìwé méjèèjì tó dojú kọ ọ́. LibraryThing ní àyè kan fún àkíyèsí àdáni tí ẹnikẹ́ni kò lè rí àfi ìwọ tí o ni àkáǹtì. Ibẹ̀ ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yẹn sí, ibẹ̀ náà ni mo kọ òdòdó yẹn sí, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú-ìwé tó wà.

Ohun tí mo ń sọ ni pé àkọlé kan náà lè wà níbi gbogbo láyé, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ní òdòdó yẹn. Ìkànnì yìí jẹ́ kí n kọ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi gan-an sílẹ̀. Bí ìwé bá sì jẹ́ ti èdè Yorùbá, mo máa ń jókòó ti àkọlé rẹ̀, kí n fi ọwọ́ ara mi tún àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bó ṣe yẹ. Àtúnṣe tí o bá ṣe sí àkọsílẹ̀ ìwé tìrẹ, ìwọ ló kàn, kò ní da ti ẹlòmíràn rú.

Ká wá sọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé. Tí o bá ṣí àkáǹtì, ìsọ̀rí kan ti wà nílẹ̀ dè ọ́: ìwé tí o ní, èyí tí o fẹ́ ní, èyí tí ò ń kà lọ́wọ́, èyí tí o máa kà, èyí tí o fẹ́ràn jù, àti èyí tí o ti kà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe tìrẹ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì fún mi ju ìyókù lọ. Ìwé tí mo yá kà pọ̀ ju ìwé tí mo rà lọ dáadáa, tí n kò bá kọ wọ́n síbì kan, ńṣe ni wọ́n ń padà lọ sílé wọn tí n kò sì ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ pé a jọ gbé rí. Báyìí, bí mo bá ti fẹ́ dá ìwé padà, mo ti kọ ọ́ sí ìsọ̀rí yẹn, mo ti kọ ohun tí mo rò nípa rẹ̀, mo ti kọ ojú-ìwé tí mo fẹ́ padà sí.

Mo ní òfin kan tí mo ń pa mọ́. Ìwé ìtàn tí n kò bá tíì yá kà, n kì í rà á. Mo ń yá a, mo ń kà á, mo ń dá a padà. Bí ọjọ́ bá gun orí ọjọ́ tí ọkàn mi ṣì ń padà síbẹ̀, tó jẹ́ pé mo fẹ́ ṣí i wo gbólóhùn kan lójijì, ìgbà yẹn ni mo máa gbé e bọ́ sí ìsọ̀rí èyí tí mo fẹ́ ní. Nítorí náà, àkójọ ìwé tí mo fẹ́ rà kò gùn, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè lórí pẹpẹ mi. Kí n tó jáde lọ sí ilé-ìkàwé, mo máa ń ṣí ìsọ̀rí èyí tí mo máa kà, mo máa wo inú àkójọ ilé-ìkàwé náà bóyá wọ́n ní in, mo máa kọ nọ́ńbà pẹpẹ rẹ̀ sórí bébà pelebe kan. Bébà yẹn náà ni mo ń fi sáàárín ìwé láti mọ ibi tí mo kà dé. N kì í ká etí ojú-ìwé, pàápàá ti ìwé tó máa dé ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn mi.

Tí mo bá ti mú ohun tí mo wá mú, mo máa ń rìn kọjá pẹpẹ kan tí n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ilé-ìkàwé kan ará Íńdíà, S. R. Ranganathan, kọ òfin márùn-ún fún ilé-ìkàwé sílẹ̀ ní ọdún 1931. Òfin kẹta níbẹ̀ sọ pé gbogbo ìwé ló ní òǹkàwé tirẹ̀; ìkẹrin ní kí a má fi àkókò òǹkàwé ṣòfò. Bébà pelebe mi ń bójú tó ìkẹrin. Ìkẹta ni mo ń tìtorí rẹ̀ rìn. Ibi ìrìn bẹ́ẹ̀ ni mo ti bá àwọn ìwé nípa kòkòrò, nípa bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀, nípa iyọ̀, tí àkójọ kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní fi lọ̀ mí láéláé.

Ní ti ìwé tí ẹlòmíràn bá yá lọ́wọ́ mi, ìkànnì náà ní ibi tí èèyàn lè kọ ẹni tó mú ìwé lọ àti ọjọ́ tó mú un sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í fi tìwé ṣeré, bó bá mú ọ̀kan, yóò fẹ́ mú èyí tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé mo ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi láti lè sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, apá kejì ló wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n fi ìkẹta ránṣẹ́.”

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, ìwé àkọsílẹ̀ lásán lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí n kò rí níbòmíràn ni àmì ìdámọ̀. Abẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, o lè kọ ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tó bá wù ọ́, bó ti wù kó pọ̀ tó, àmì kómà ni yóò wà láàárín wọn. Kò sí ẹni tó máa sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ètò. Àwọn kan ń kọ “ìtàn àròsọ” tàbí “ìtàn ìgbésí ayé”, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò ilé-ìkàwé ti ń sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Èmi ń kọ ohun tí mo rí nínú ìwé tí orúkọ ẹ̀ka rẹ̀ kò lè sọ: òjò, ìyá àti ọmọ, ẹni tó padà wálé, ilé tí wọ́n tì pa, ọmọdé ló ń ròyìn, àgbà tó ń purọ́. Èdè Yorùbá ni mo ń fi kọ gbogbo rẹ̀, àìní àlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni sì ń tù mí lára.

Àmì kan wà tí mo pè ní “lẹ́tà”. Ìwé èyíkéyìí tí lẹ́tà kan bá ti yí ìtàn padà nínú rẹ̀ ni mo ń fi sí. Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ ẹ́ kí n rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà níbẹ̀, ìtàn ìfẹ́ wà, ìtàn ogun wà, ìtàn ìgbésí ayé ẹni tó gbé ayé rí náà wà, àwọn ìwé tí kò sí bí wọ́n ṣe lè pàdé lórí pẹpẹ. Mo kó gbogbo wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣí ìkọ̀ọ̀kan sí ibi tí lẹ́tà náà ti dé. Mo wá rí i pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbé e gbà. Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń jẹ́ ká ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni tó gbà á ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn yòókù kò ní jẹ́ ká rí ọ̀rọ̀ kan. Ojú ẹni tó ń kà á nìkan ni wọn yóò fi hàn wá, ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, bó ṣe ká bébà náà padà sí ojú àpá tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, mo sì kọ ìtàn kan nípa obìnrin tó gba lẹ́tà kan, tó sì dá ọwọ́ ìkọ̀wé tó wà lára àpò lẹ́tà náà mọ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti sin ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà dé òpin, ẹnikẹ́ni kò ka lẹ́tà náà sí wa létí. Mo gbà pé èyí ni ìtàn tó dáa jù tí mo tíì kọ, orí ilẹ̀ yàrá mi ló sì ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ìwé tí àmì kan ṣoṣo pè jọ. Láti ìgbà náà, bí n kò bá mọ ohun tí n óò kọ, inú àkójọ àmì mi ni mo ń wọ̀, mo ń wò ó fún ọ̀rọ̀ tó ti ń pọ̀ sí i láì jẹ́ pé mo ṣètò rẹ̀. “Ilé tí wọ́n tì pa” ló ń pọ̀ sí i lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ìkànnì náà kò gba ipò ìwé tí mo ń da ọ̀rọ̀ kọ sí. Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi rán. Bébà mẹ́rin ni mo ń kì bọ ara wọn tí mo ń ká sí méjì, ìyẹn ojú-ìwé 16, irú ìdì bẹ́ẹ̀ bíi mélòó kan ló ń di ìwé kan. Mo ń lu ihò sí ojú ibi tí wọ́n ti ká, mo ń fa òwú kọjá lára ìda oyin kó lè le kó má sì lọ́, mo wá ń rán ìdì kan mọ́ èkejì. Bébà tí kò ní ásíìdì ni mo ń lò. Bébà tí wọ́n fi igi lọ̀ ṣe láì yọ ohun tó ń mú igi le kúrò nínú rẹ̀ máa ń pọ́n, yóò gbẹ, yóò sì máa kán bó bá ti ń dàgbà. Ẹni tó bá ní ìwé àlòkù mọ ohun tí mo ń wí.

Inú ìwé yẹn ni mo ń da gbólóhùn tó bá wú mi lórí kọ sí. Láti lè rí wọn padà, mo gba ọ̀nà kan tí John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1686. Ó ní bí o bá ní ọ̀rọ̀ kan, wo lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀, wo fáwẹ̀lì tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ni kí o fi ṣe atọ́ka sí iwájú ìwé. Ọ̀nà náà rọrùn, kò sì gbàyè. Àmọ́ tí a bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ fún Yorùbá, gbogbo nǹkan yóò rọ́ sí ojú kan náà, torí òjò, ìwé, ọjà, àlá, ilé, ìyá, fáwẹ̀lì ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa. Mo wá yí i padà: kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ ni mo ń wò, lẹ́yìn náà fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Òjò wà ní J-O, àlá wà ní L-A, ìyá wà ní Y-A. Ó ń ṣiṣẹ́ gidi. Ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni mo tún ń kọ àmì ìdámọ̀ tí ìwé rẹ̀ ní lórí LibraryThing, kí àkọsílẹ̀ ọwọ́ àti ti kọ̀ǹpútà lè máa pe ara wọn.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ lọ wò ni ibi tí wọ́n ti ṣe àkójọ ìwé àwọn olókìkí tó ti lọ. Àwọn òǹkàwé bíi tiwa ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, wọ́n ń tẹ àkójọ ìwé tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ní wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Marilyn Monroe, òṣèré fíìmù nì, wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ẹwà nìkan ló ní lọ wo ohun tó ń kà. Ti Thomas Jefferson, ààrẹ kẹta Amẹ́ríkà, ni mo máa ń padà sí jù. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ilé aṣòfin wọn ní ọdún 1814, àwọn ìwé tó wà níbẹ̀ jóná. Ní ọdún 1815, Jefferson ta ìwé 6,487 fún ìjọba láti fi bẹ̀rẹ̀ Library of Congress padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra òmíràn fún ara rẹ̀. Iná mìíràn jó ilé-ìkàwé náà ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1851, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìwé yẹn ló lọ. Ìwé lọ, àkójọ orúkọ wọn kò lọ, ìdí nìyẹn tí àwa lónìí fi lè mọ ohun tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀. Ẹni tó kó èèyàn lẹ́rú ni ọkùnrin náà, n kò sì gbàgbé ìyẹn nígbà tí mo ń ka àkójọ ìwé rẹ̀ nípa òmìnira.

Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìwé rẹ̀ sí, ó gba èrò náà lọ́dọ̀ Francis Bacon, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì: ìrántí, làákàyè, àti ìrònú àtinúdá. Ìtàn àti ìmọ̀ ìṣẹ̀dá lọ sábẹ́ ìrántí, òfin àti ìṣirò sábẹ́ làákàyè, ewì àti orin sábẹ́ ìkẹta. Mo dán an wò lórí pẹpẹ tèmi, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí n bi ara mi léèrè ohun tí mo ń wá nínú ìwé kan kí n tó gbé e kalẹ̀.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn náà wà. Ojú ìkànnì náà kún, ọ̀rọ̀ àti ìsopọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá dé tuntun lè má mọ ibi tó máa kọjú sí. Áàpù rẹ̀ kò lè ṣe gbogbo ohun tí ìkànnì ń ṣe, orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ gidi wà. Ẹ má sì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ẹ máa rí ìwé kà. Orúkọ ìwé ló wà níbẹ̀, ìwé fúnra rẹ̀ kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí áàpù sọ fún òun pé ìwé yìí máa pa òun lẹ́kún, èyí yẹn yára, èyí ń lọ díẹ̀díẹ̀, The StoryGraph ló máa bá a lára mu. Nadia Odunayo ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2019, ẹ̀yin náà sì gbọ́ orúkọ yẹn. Mo ń lo méjèèjì. Ti Nadia ń sọ bí ìwé kíkà mi ṣe rí lọ́dún yìí. LibraryThing ló mọ ohun tí mo ní àti ibi tó wà.

Ìràwọ̀ ààbọ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ díwọ̀n ìwé, èmi kì í sábà lò ó. Àwọn àyẹ̀wò tí àwọn èèyàn ń kọ síbẹ̀ jinlẹ̀, ìwọ̀nba ariwo ló wà. Wọ́n ní ètò kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé fi ń fúnni ní ìwé tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ kí èèyàn lè sọ èrò rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ìwé kọ̀ọ̀kan lè dé yàtọ̀ síra, ẹ máa wo ìyẹn kí ẹ tó béèrè. Ilé-ìkàwé kékeré ti ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ lè fi TinyCat, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn LibraryThing kan náà ṣe, to ìwé wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín náà ṣe kókó. Ní ọdún 2006, AbeBooks, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ìwé àlòkù, ra ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún LibraryThing, Amazon sì ra AbeBooks ní ọdún 2008, nítorí náà Amazon ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Spalding ni èyí tó pọ̀ jù wà. Goodreads, ìkànnì àwọn òǹkàwé mìíràn, ní tirẹ̀, Amazon ló ni gbogbo rẹ̀ láti ọdún 2013. Èyí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín lọ ni pé o lè kó gbogbo àkójọ rẹ jáde nígbà tó bá wù ọ́, ní oríṣi fáìlì tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè ṣí, tàbí ní MARC, oríṣi fáìlì tí àwọn ilé-ìkàwé ń lò. Mo ń kó tèmi jáde lóòrèkóòrè, mo sì ń fi pamọ́ síbi tí kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ tó wà lójú yín. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó mú un lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ìwé ilé-ìkàwé tó wà lọ́dọ̀ yín àti ọjọ́ tó yẹ kó padà. Àwọn tó wà lórí pẹpẹ lè dúró dìgbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀, àmọ́ ẹ fi àmì ìdámọ̀ kan ó kéré tán sí ìkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé, ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn nípa ìwé náà ni kí ẹ kọ.